Ẹyẹ Kì Í Fi Apá Kan Fò: Ọ̀rọ̀ fún Tọkọtaya Tí Ó Ń Lọ Wo Ẹyẹ ní Àgbádárìgì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ara wọn. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi tí ó ń gbé èrò láti èbúté Àgbádárìgì ré kọjá ọ̀sà lọ sí erékùṣù Gbẹrẹfu kò fẹ̀ tó ojú ọ̀run. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, orúnkún ọkọ a máa kan orúnkún aya, bí inú ẹnì kan kò bá sì dùn, kò sí ibi tí yóò fi í pa mọ́ sí. Inú ọkọ̀ náà ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Ní ilé mìíràn, ọ̀kan nínú tọkọtaya a máa fẹ́ràn láti wo ẹyẹ. Yóò jí kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò gbé awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn kọ́ ọrùn, yóò mú ìwé àti kálàmù dání, yóò sì gba inú igbó tàbí etí omi lọ láti mọ irú ẹyẹ tí ó wà níbẹ̀. Ẹnì kejì kò rí ohun kan lára ẹyẹ ju ẹran ọbẹ̀ àti ariwo òwúrọ̀ lọ. Bí ìgbà ìsinmi bá wá dé, tí ẹni àkọ́kọ́ sì fẹ́ kí àwọn méjèèjì jọ lọ sí erékùṣù kan tí ẹyẹ pọ̀ sí, báwo ni kí wọ́n ti ṣe é? Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyí, pé ojú ewé àṣà kọ́ ni ó yẹ kí a ti máa sọ ọ́. Èmi wí pé ọ̀rọ̀ àṣà gan-an ni, nítorí ọ̀nà tí tọkọtaya ń gbà pète ìrìn-àjò ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe ilé.

WÍWO ẸYẸ KÌ Í ṢE ÀJÈJÌ SÍ WA

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ òyìnbó yẹn kúrò lọ́nà. Àwọn baba ńlá wa ti ń wo ẹyẹ dáadáa kí òyìnbó kankan tó gbé awò wá. Nígbà tí wọ́n ń wá orúkọ fún àwọ̀ kan tí kì í ṣe pupa, tí kì í sì í ṣe àwọ̀ aró, ara àlùkò ni wọ́n ti rí i. Títí di òní olónìí, elésè-àlùkò ni a ń pè é. Wọ́n so agbe mọ́ aró, wọ́n so àlùkò mọ́ osùn, wọ́n sì so lékèélékèé mọ́ ẹfun. Wọ́n sọ odídẹrẹ́ ní ayékòótọ́ nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í pa ohun tí ó bá gbọ́ mọ́; ìyẹ́ ìrù rẹ̀ pupa, èyí tí a ń pè ní ìkóóde, sì di ohun iyì nínú orò àti nínú oyè. Àgbẹ̀ mọ ìgbà tí ẹ̀ga yóò ya wọ oko. Ọdẹ mọ ohùn àparò yàtọ̀ sí ti ẹyẹ mìíràn. Ẹni tí ó bá ní wíwo ẹyẹ kì í ṣe ti Yorùbá kò tíì fetí sí èdè Yorùbá.

Ṣùgbọ́n àṣà yìí kan náà ni ó fún ẹnì kejì ní ìdí láti fòyà. Obìnrin tí a tọ́ dàgbà ní ilé Yorùbá ti gbọ́ pé bí kòwéè bá ké, ó ń túfọ̀ ni. Ó ti gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ nípa òwìwí àti nípa ẹyẹ òru. Bí ọkọ rẹ̀ bá wá ń jí ní agogo márùn-ún ìdájí láti lọ máa wá ohùn òwìwí kiri ní ìlú onílùú, kí ni kí ó sọ fún àwọn tí ó gbà wọ́n sílé? Kò yẹ kí a fi irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà. Ó yẹ kí a jókòó, kí a là á yé e pé eku ni òwìwí ń pa jẹ ní òru, kí a sì fara mọ́ ọn bí kò bá tilẹ̀ gbà wá gbọ́.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nínú oṣù Kejìlá, mo sọ fún Ìyá Ìbejì, aya mi, pé kí a lọ gba afẹ́fẹ́ ní Àgbádárìgì. Afẹ́fẹ́ ni mo wí. N kò dárúkọ ẹyẹ. Bẹ́ẹ̀ ni mo mọ̀ nínú ọkàn mi pé láti nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án títí di oṣù Kẹrin ni àwọn ẹyẹ tí ń sá fún òtútù ilẹ̀ Yúróòpù máa ń wà ní etí òkun wa, mo sì ti pinnu pé n óò rí wọn. Ìyá Ìbejì wọ aṣọ léèsì, ó wọ bàtà onígìgísẹ̀ gíga, ó di mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́, inú rẹ̀ sì ń dùn.

Nígbà tí a dé Gbẹrẹfu, a rìn láàrin àwọn igi àgbọn títí a fi gbúròó òkun. Níbẹ̀ ni mo ti rí àwọn ẹyẹ kéékèèké aláwọ̀ eérú tí wọ́n ń sáré tẹ̀lé ìgbì bí ó bá ń padà, tí wọ́n sì ń sá fún un bí ó bá ń bọ̀. Ìhà àríwá ayé pátápátá, ní ilẹ̀ yìnyín, ni àwọn ẹyẹ wọ̀nyí ti ń yé ẹyin tí wọ́n sì ń pa á. Orí mi wú. Mo ní, ‘Ìyá Ìbejì, jókòó díẹ̀ sí abẹ́ igi àgbọn yìí, mo ń bọ̀.’ Mo sì lọ. Bí mo ti ń lọ ni mo rí ẹyẹ ńlá funfun kan tí ó jọ igún, tí ó ní dúdú ní ìyẹ́ apá, ẹyẹ tí ó fẹ́ràn ẹyìn ọ̀pẹ ju ẹran lọ. Mo tẹ̀lé e. Nígbà tí n óò fi padà, wákàtí mẹ́ta ti kọjá. Òjìji igi àgbọn ti kúrò níbi tí mo fi aya mi sí, oòrùn sì ti bọ́ sí i lára. Ó wò mí, ó ní, ‘Bàbá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹyẹ ti rí yín. Èmi nìkan ni n kò rí yín láti àárọ̀.’

Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán síbẹ̀. N kò mọ bí ó ti jinlẹ̀ tó títí di alẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn Àgbádárìgì mọ ohun tí ọ̀nà tí ó la Gbẹrẹfu já jẹ́. Ọ̀nà náà ni wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà láti etí ọ̀sà lọ sí etí òkun, níbi tí ọkọ̀ àwọn òyìnbó ti ń dúró dè wọ́n. Kànga kan wà níbẹ̀ tí ìtàn ìlú sọ pé wọ́n ń mú àwọn ẹrú mu omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ibi tí wọ́n ti wá. Òpin ọ̀nà náà ni a ń pè ní ibi àlọ-àìpadàbọ̀. Nígbà tí mo ń sáré tẹ̀lé ẹyẹ kiri, obìnrin kan tí ń ta àgbọn ti jókòó ti aya mi, ó sì ti sọ gbogbo ìtàn yìí fún un. Nígbà tí a jẹun alẹ́ tán ní ilé, Ìyá Ìbejì wí fún mi pé, ‘Ibi tí wọ́n ti ń ya ọkọ nípa sí aya ni ẹ mú mi lọ, ẹ sì fi mí sílẹ̀ níbẹ̀ nítorí ẹyẹ.’

N kò rí èsì fọ̀. Títí di òní n kò tíì rí i.

ÀJỌPÈTE NI ÀJỌRÌN

Ó tó ọdún kan gbáko kí a tó padà lọ. Ní ìgbà kejì yìí, a fi ìrọ̀lẹ́ méjì jókòó pète ọ̀rọ̀ náà. Mo kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé ẹyẹ ni mo ń lọ wò. Lẹ́yìn náà ni mo bi aya mi léèrè ohun tí òun fẹ́, mo sì pa ẹnu mi mọ́ títí ó fi sọ tán. Ó ní òun fẹ́ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ parí ní 1845, tí Àjàyí Crowther sì gbé inú rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ dé ibi tí igi Agia ti dúró, igi tí a wàásù ìhìnrere lábẹ́ rẹ̀ ní 1842, kí ìjì tó wó o ní 1959. Ó fẹ́ ná ọjà Agbalata ní ọjọ́ ọjà gan-an, kí ó sì ra epo àgbọn lọ́wọ́ àwọn obìnrin tí wọ́n ń ṣe é. Lékè gbogbo rẹ̀, ó ní òun kò ní í dúró nínú oòrùn ọ̀sán nítorí ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà tí ó kàn mí, mo ní wákàtí méjì ní ìdájí àti wákàtí kan ní ìrọ̀lẹ́ ti tó mi. A kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ wò ó bí ó ti bá ara mu. Òwúrọ̀ kùtù ni ẹyẹ máa ń ké jù, tí ó sì máa ń wá oúnjẹ jù. Bí oòrùn bá ti mú, púpọ̀ nínú wọn a wọ inú ewé lọ. Wákàtí tí mo ń fẹ́ ni wákàtí tí aya mi fẹ́ fi sùn. Wákàtí tí aya mi fẹ́ fi ná ọjà ni wákàtí tí ẹyẹ ń sinmi. Kò sí ohun tí ó yẹ kí a tìtorí rẹ̀ jà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àìjókòó sọ̀rọ̀ ni ó dá ìjà ọdún àkọ́kọ́ sílẹ̀.

Inú ìlú Àgbádárìgì ni a sùn mọ́jú. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo ti wà ní etí ọ̀sà. Mo rí ẹyẹ apẹja kékeré, dúdú òun funfun, tí ó dúró lójú kan nínú afẹ́fẹ́, tí ó ń lu ìyẹ́, kí ó tó já lu omi bí òkò. Mo rí àwọn akọ̀ tí wọ́n dúró ṣinṣin bí òpó. Mo rí ẹyẹ ọlọ́mọ-ìka-gígùn kan tí ó ń rìn lórí koríko ojú omi bí ẹni tí ń rìn lórí ẹní. Koríko olódòdó elésè-àlùkò yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa. Ní 1984 ni ó gba ojú omi ìhà Àjàṣẹ́ wọ ọ̀sà Àgbádárìgì, láti ibẹ̀ ni ó sì ti tàn ká Nàìjíríà. Ìyọnu ni fún àwọn apẹja, nítorí ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀, ó sì ń fa àwọ̀n ya; ṣùgbọ́n fún ẹyẹ tí mo ń wò yìí, pápá ìjẹun ni. Mo rántí aya mi. Ohun kan náà ni ojú méjì ń wò, ọ̀tọ̀ ni ohun tí oníkálukú rí níbẹ̀, kò sì sí èyí tí ó parọ́ nínú wọn.

Nígbà tí agogo mẹ́sàn-án kù díẹ̀, mo gbọ́ ohùn ẹyẹ kan tí n kò gbọ́ rí nínú igbó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Mo dúró. Mo wo aago. Agogo mẹ́sàn-án ni mo dá fún Ìyá Ìbejì. Mo yí padà, mo sì lọ. N kò mọ ẹyẹ náà títí di òní, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n mo bá aya mi nídìí àkàrà àti ẹ̀kọ, ó ti já tèmi sínú abọ́, ó ní, ‘Ẹ káàbọ̀. Ẹ dé lásìkò.’ Láti ìgbà náà títí di ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ rẹ̀ ni. Bí ó ti ń wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yàrá dé yàrá, mo tẹ̀lé e. Ní ọjà, èmi ni mo ru kẹ́ẹ̀gì epo àgbọn.

Ǹjẹ́ ó ti wá di ẹni tí ń wo ẹyẹ? Rárá o. Bí ẹ bá bi í léèrè lónìí, ẹyẹ mẹ́ta ni yóò ní òun mọ̀: adìyẹ, tòlótòló àti lékèélékèé. Ṣùgbọ́n òun ni ó kọ́kọ́ bi mí pé ìgbà wo ni a tún ń lọ.

ÌMỌ̀RÀN TÈMI

Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tí ó fẹ́ràn ẹyẹ kò pọ̀. Kí ó sọ òótọ́ ìrìn-àjò kí wọ́n tó kúrò nílé, nítorí ẹni tí a fi irọ́ mú lọ sí òde kò ní í gbádùn òde náà. Kí ó jẹ́ kí ẹnì kejì ní ọjọ́ tirẹ̀ ní odindi, kì í ṣe èyí tí ó bá ṣẹ́kù nígbà tí ẹyẹ bá ti lọ sùn. Kí ó dá àkókò, kí ó sì pa á mọ́. Kí wọ́n jọ sọ ti owó: ẹni tí ó bá ní lọ́wọ́ lè wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí erékùṣù São Tomé àti Príncipe, níbi tí àwọn ẹyẹ kan wà tí kò sí níbòmíràn láyé, ẹni tí kò bá ní, Gbẹrẹfu ń bẹ nítòsí. Ṣùgbọ́n kí awò olówó iyebíye kan má ṣe wọ inú ilé kí owó ilé ìwé àwọn ọmọ tó jáde.

Kí wọ́n kí àwọn àgbà ibi tí wọ́n bá dé, kí wọ́n sì wọ ẹ̀wù tí ń mú ni léfòó kí wọ́n tó wọ ọkọ̀. Kí wọ́n má ṣe lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun náà, nítorí ìgbì ibẹ̀ le. Kí ẹni tí ó gbé awò dání sì rántí pé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kò jìnnà: bí ó bá gbé awò sójú sí ọ̀kánkán àwọn aṣọ́bodè, àlàyé tí yóò ṣe yóò pọ̀. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹnì kejì tí ó mọ ìdí ìrìn-àjò ni yóò jẹ́rìí sí i. Ẹni tí a sọ fún pé afẹ́fẹ́ ni a wá gbà, kí ni yóò sọ?

Ẹnì kejì náà ní ojúṣe tirẹ̀. Kí ó má ṣe fi ohun tí ó ń dùn mọ́ ẹnì kejì rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn ẹlòmíràn. Bí ó bá ti fọwọ́ sí wákàtí méjì, kí ó yọ̀ǹda rẹ̀ tọkàntọkàn, kí ó má ṣe máa ránṣẹ́ pe ẹni náà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan yóò wí pé ọkọ ni olórí, ibi tí ó bá ní kí a lọ ni kí aya tẹ̀lé e lọ. N kò bá wọn jiyàn lórí ipò ọkọ. Ṣùgbọ́n olórí tí kò bèèrè ohun tí ọrùn lè gbé, yóò rí i pé ọrùn yóò wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ yóò ní kí oníkálukú kúkú máa dá lọ sí ibi tí ó wù ú. Ìyẹn náà ní ọjọ́ tirẹ̀, kò sì burú bí a bá ń ṣe é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá di gbogbo ìgbà, ilé á di ilé àlejò, tí tọkọtaya kàn ń pàdé níbẹ̀ láti fọ aṣọ.

Ẹ má sì rò pé ọkùnrin nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, obìnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Phoebe Snetsinger. Ní 1981, àwọn dókítà sọ fún un pé àrùn jẹjẹrẹ tí ó wà lára rẹ̀ yóò pa á láìpẹ́. Ó dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rin ayé ká láti wo ẹyẹ. Àrùn náà kò tètè pa á. Nígbà tí ó fi kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ ní Madagascar ní 1999, irú ẹyẹ tí ó ti rí lé ní 8,000, kò sì sí ẹni tí ó rí tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsìnkú ìyá rẹ̀ kọjá, kò sí níbẹ̀. Ìgbéyàwó ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ kọjá, kò sí níbẹ̀. N kò dá a lẹ́jọ́, nítorí ẹni tí wọ́n ti dá ọjọ́ ikú fún a máa ka ọjọ́ yàtọ̀ sí bí àwa ti ń kà á. Ṣùgbọ́n bí mo bá wo iye ẹyẹ yẹn, tí mo sì wo ìjókòó méjì tí ó ṣófo yẹn, mo mọ èyí tí Yorùbá yóò kọ́kọ́ kà.

Ẹ jẹ́ kí ẹyẹ fúnra rẹ̀ bá wa parí ọ̀rọ̀. Bí abo àtíòro bá fẹ́ yé ẹyin, inú ihò igi ni ó máa ń wọ̀, wọn a sì mọ ẹnu ihò náà pa, ó ku àlàfo tóóró kan. Inú ibẹ̀ ni yóò wà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Akọ rẹ̀ ń fò kiri inú igbó bí ó ti wù ú. Igi gbogbo ni tirẹ̀, òfuurufú gbogbo ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kí ó tó padà, nítorí ó mọ̀ pé ẹnì kan wà nínú ihò tí ó ń retí òun, ó sì ń gba àlàfo náà fún un ní oúnjẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń gbé awò kọ́ ọrùn lọ sí etí òkun, ẹ fò dáadáa, ẹ rí ohun tí ẹ fẹ́ rí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ẹni tí ó jókòó sí abẹ́ igi àgbọn. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Ire o.